Bùtà Ìyàwó Àbújá

Sátidé, 4 Sẹ̀tẹ́ńbà 1993

Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí. Ọ̀kan nínú ìwé tí Mahmood ọmọ mi pín fún àwọn ọmọléèwé nígbà ìdìbò ni mo fi bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ yìí. Àwòrán òun fúnra ẹ̀ ló wà lẹ́yìn ìwé náà, fìlà ẹ̀ gẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín. Bí mo bá ti pa ìwé dé, èmi àti ọmọ mi á jọ máa wo ara wa.

Mo lọ kí Kausarat ìyàwó ẹ̀ àti àwọn ọmọ ní Palmgrove. Pálọ̀ kún fọ́fọ́. Wọ́n mọ̀ pé Ọ̀nọ́rébù wà nílé aṣòfin ní Àbújá, pé kò sí nílé, síbẹ̀ wọ́n jókòó bí ẹni tó ń dúró de dókítà. Ọ̀kan fẹ́ páànù. Ọ̀kan fẹ́ kí wọ́n bá òun fi ọmọ òun síṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù. Ọkùnrin kan láti Ìlàjẹ létí ọ̀sà ní ìjì ti gbé ọkọ̀ ojú omi òun lọ. Ẹnìkan ní òun ò fẹ́ nǹkan kan, òun kàn ní kóun kí wọn ni, àmọ́ kò dìde títí oúnjẹ fi jinná.

Kausarat wà ní kíṣìnnì, ó kẹ̀yìn sí mi.

"Màámi, ìrẹsì ti tán. Àwọn èèyàn ò tíì tán."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Àtàláátà, 7 Sẹ̀tẹ́ńbà

Kẹrosíìnì ò sí níbì kankan. Èédú ni mo fi dáná, èéfín kó sí mi lójú. Ìyá Leah gbé ẹja gbígbẹ wá láti Bàrígà. Mo ní kó bá mi dín owó ẹ̀ kù, ló bá pariwo kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́:

"Ìyá Ọ̀nọ́rébù ń ná ẹja! Ṣé èmi ni mo wá fẹ́ máa bọ́ aṣòfin ni?"

Mo ní ọmọ mi ló ń gbowó oṣù, èmi kọ́.

"Owó tí wọ́n ń kà fún wọn lọ́hùn-ún yẹn, ó tó ilé mẹ́rin bọ́!"

Nusaibah ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé, kò tíì bọ́ bàtà nọ́ọ̀sì ẹ̀. Ó ní, "Ìyá Leah, ẹ bá mi tọrọ ẹyọ kan nínú mẹ́rin yẹn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá owó yàrá kan."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo mọ̀ pé Nusaibah ò ṣeré. Ó tún ti ń bi àwọn èèyàn léèrè ọ̀nà àtilọ ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Saudi. Ìyẹn náà wà nínú àdúrà mi.

Sátidé, 11 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀.

Mahmood pè mí lórí tẹlifóònù Ọláwuyì, atẹ̀wé tó háyà ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé mi. Wọ́n ń tẹ kálẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì kan lọ́wọ́, ẹ̀rọ ń dún gbàù-gbàù. Mo fi ìka di etí kejì.

"Màámi, ilé méjì yìí ti fẹ́ pa mí."

"Ilé méjì bí i báwo?"

"Tibí, àti ti Palmgrove. Mò ń gbọ́ bùkátà tọ̀hún, mo tún ń gbọ́ tibí. Owó oṣù aṣòfin ò gbé ilé méjì, Màámi. Irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ wa."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí mo ti débí náà ni. Ojú ló ń tì mí láti sọ."

Mo tẹ tẹlifóònù mọ́ etí. Ẹ̀rọ Ọláwuyì ò dákẹ́.

"Mo ti rò ó. Mo fẹ́ sọ ilé méjèèjì dọ̀kan, lọ́dọ̀ yín ní Ṣómólú, tẹ́ ẹ bá lè yọ̀ǹda yàrá méjì ẹ̀yìn yẹn fún mi. Ẹ má tíì jẹ́ kí Kausarat gbọ́ o. Èmi fúnra mi ni màá sọ fún un."

Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ nígbà tí ohùn ẹ̀ já. Ọláwuyì bi mí pé ṣé kò sí o. Mo ní kò sí.

Ilé méjì. Bí bàbá ẹ̀ ṣe sọ ọ́ náà nìyẹn. Lọ́dún tó fẹ́ mi, ó lọ jókòó síwájú ìyá ẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ó ní, "Ìyá mi, mo ti di onílé méjì." Èmi ni ilé kejì. Ìyá náà ò wojú mi títí mo fi bí Mahmood. Kò gbé ẹní ìkírun fún mi, kò gbé bùtà fún mi. Ìyàwó tí ìyá ọkọ ò bá fún ní bùtà àlùwàlá, àlejò ni nínú ilé. Bùtà ìyáalé mi ni mo ń lò. Tó bá di àkókò ìrun, mo máa ń dúró lẹ́yìn ilé títí á fi ṣe tiẹ̀ tán, tí á fi gbé e sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo ti pinnu pé ìyàwó kankan ò ní wọ ilé ọmọ mi kó dúró bẹ́ẹ̀.

Ta ni ọmọbìnrin náà? Ọmọ ta ni? Ṣé ó ti lóyún?

Àtìní, 13 Sẹ̀tẹ́ńbà

Kọ́ládé, awakọ̀ Mahmood, já iṣu Àbújá sílẹ̀ fún mi. Mo dọ́gbọ́n bi í bí ọ̀gá ẹ̀ ṣe ń sùn.

"Wọ́n ń sùn dáadáa, Màámi. Àmọ́ wọn ò sùn nílé tí wọ́n háyà yẹn mọ́."

"Ibo ni wọ́n wá ń sùn?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ orí. "Ẹ má bínú, Màámi. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ sọ nílé."

Mo bu omi fún un. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́, mo ti gbọ́.

Sọ́ńdè, 19 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ọ̀rọ̀ náà kún mi nínú jù, mo sọ fún Nusaibah.

"Bọ̀ọ̀dá Mahmood? Ẹni tí ẹyọ ìyàwó kan ń bá wí tó ń gbọ̀n? Màámi, ẹ bi í dáadáa."

"Ṣé níwájú àwọn tó ń tẹ kálẹ́ńdà ni kí n ti bi ọmọ mi pé obìnrin wo ló gbé?"

"Ẹ dúró kó wálé nígbà náà." Ó ń bọ́ aṣọ iṣẹ́ ẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ sínú aṣọ. "Nọ́ọ̀sì ò rówó ilé kan, aṣòfin ń sunkún ilé méjì. Tó bá wá jẹ́ ìyàwó ló fi owó wa fẹ́…"

Mo ní kó pa ẹnu ẹ̀ dé.

Kausarat ń dùn mí. Ó ń se ìrẹsì fún gbogbo Bàrígà, inú ẹ̀ mọ́, kò mọ nǹkan kan. Àmọ́ èyí tí mi ò mọ̀ rí yẹn náà ń dùn mí. Ọmọ ẹlòmíràn ni, ó wà níbì kan ní Àbújá, ìyá ọkọ ẹ̀ ò wojú ẹ̀.

Jímọ̀, 24 Sẹ̀tẹ́ńbà

Nígbà tí a kírun tán mo yà sọ́jà. Irú bùtà tí mo rà fún Kausarat nígbà ìgbéyàwó gan-an ni mo rí, aláwọ̀ ewé, tí òdòdó wà lórí ìdérí ẹ̀. Owó ẹ̀ ti di ìlọ́po ìlọ́po. Àwọn tó ń tà á fúnra wọn ń tijú láti dárúkọ owó. Mo rà á, mo ra ẹní ìkírun sí i. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ìyá Mahmood fún ọ̀kan ní dáadáa, ó fún èkejì ní gbàrọgùdù.

Kọ́ládé ń padà lọ lọ́la. Mo dì í sínú àpò fún un. "Ìyàwó Àbújá ni kó o gbé e fún. Sọ pé ìyá ọkọ ẹ̀ ló ní kó o kí i káàbọ̀."

Ó wò mí. "Ìyàwó Àbújá, Màámi?"

"Mo ti mọ̀. Má wulẹ̀ ṣàlàyé."

Ó ní ó dáa. Àyà mi fúyẹ́ díẹ̀.

Sátidé, 25 Sẹ̀tẹ́ńbà

Èmi ni mi ò rò ó pé Kọ́ládé á kọ́kọ́ yà ní Palmgrove láti gbé aṣọ ọ̀gá ẹ̀.

Kausarat rí àpò náà nínú ọkọ̀, ó bi Kọ́ládé ta ló ni ín, òun ló gbé e wá. Ó kúnlẹ̀ kí mi kó tó sọ ohunkóhun. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ó yọ bùtà, ó gbé e síwájú mi, ó gbé ẹní lé e.

"Màámi, Kọ́ládé ní ẹ ní kóun kí ìyàwó Àbújá káàbọ̀."

"Kausarat, jókòó ná."

"Ṣé òótọ́ ni?"

Kí ni mo wí? Mo ní, "Ọkọ ẹ ní òun fúnra òun ló máa sọ fún ẹ." Mo rò pé mò ń bò ó ni. Bí ìgbà tí mo sọ òkò lù ú ló rí.

Nusaibah sáré wọlé pé kó ní sùúrù, pé a ò tíì mọ ìdí ọ̀rọ̀. Kò gbọ́ tiẹ̀. Bùtà ló ń wò.

"Irú tèmi gan-an ni. Ẹ ò tiẹ̀ bá mi yí àwọ̀ ẹ̀ padà, Màámi."

Lẹ́yìn náà ló dìde, ó gbọn eruku kúrò lórúnkún. "Ilé tí mò ń dáná sí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, àṣé ìdajì ni."

Àtìní, 27 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ó ti kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ bàbá ẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Mo dé Palmgrove, ilẹ̀kùn wà ní títì. Àwọn tó wá tọrọ nǹkan jókòó sórí àtẹ̀gùn. Wọ́n bi mí ìgbà tí oúnjẹ máa wà.

Sátidé, 2 Ọ̀któbà

Òjò. Mo gbé oúnjẹ tí mo sè fún Nusaibah.

Sátidé, 9 Ọ̀któbà

Mahmood dé. Palmgrove ló ti ń bọ̀, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ti rù.

"Màámi, ìyàwó wo?"

"Èyí tó o ní ò ń gbọ́ bùkátà ẹ̀ ní Àbújá."

"Ilé ni mo wí! Ilé!"

"Ilé kọ́ ni ìyàwó?"

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà lọ́mọdé tó bá ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́.

Ilé ni. Ilé oníbíríkì. Èyí tó háyà ní Àbújá, òun ló ra bẹ́ẹ̀dì sí i, òun ló ń ra epo jẹnẹrétọ̀, òun ló ń ra omi. Àwọn ará ibí ń wọ bọ́ọ̀sì lọ bá a níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀ràn wọn. Wọ́n á sùn, wọ́n á jẹ, òun náà ló máa san owó ọkọ̀ tí wọ́n á fi padà. Palmgrove kún, Àbújá kún. Nígbà tó yá ó gbé ilé Àbújá sílẹ̀, ó lọ ń sùn sórí ẹní nínú yàrá Adéníjì, aṣòfin ẹlẹgbẹ́ ẹ̀. Ìyẹn ló ní kí Kọ́ládé má sọ. Owó ilé Palmgrove máa tán ní ìparí Nòfẹ́ńbà, onílé sì ti sọ iye tó ń fẹ́. Ló bá rò ó pé kí òun kó Kausarat àti àwọn ọmọ sínú yàrá méjì ẹ̀yìn mi. Ohun tó pè ní kí ilé méjì dọ̀kan nìyẹn.

Nusaibah dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé kò sí ẹni tó fẹ́ bá yín san án ni? Àwa rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Ọkùnrin kan wà. Ó ní òun á san Palmgrove fún ọdún méjì. Kí n ṣáà nawọ́ sókè nílé aṣòfin lọ́jọ́ tí òun bá ní kí n nà án."

"Ẹ wá gbà?"

"Tí mo bá gbà, ṣé orí ẹní Adéníjì ni màá wà?"

Nusaibah wọlé, ó jókòó tì í. Ohùn ẹ̀ ti rọ̀. "Kí ló wá ń tì yín lójú? Gbogbo wa la ò lówó."

"Gbogbo yín ò pe ara yín ní Ọ̀nọ́rébù."

Bùtà náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Nínú wa, kò sẹ́ni tó fẹ́ wò ó.

Sọ́ńdè, 17 Ọ̀któbà

Mo lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó, èmi nìkan. Àlájì Isiaq bàbá Kausarat gbé àga fún mi, ó fi ọ̀wọ̀ gbé e, àmọ́ ẹnu ẹ̀ ò bọ̀wọ̀.

"Ìyá Ọ̀nọ́rébù, ẹ káàbọ̀ o. Ṣé bùtà mìíràn lẹ tún gbé wá?"

Mo ní ó tọ́ sí mi. Mo sọ gbogbo ẹ̀ bó ṣe rí, ẹ̀rọ Ọláwuyì, ọ̀rọ̀ ilé, etí mi tó gbọ́ ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kausarat jókòó sórí ẹní, ó ń di irun ọmọ ẹ̀. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Mo ti gbọ́, Màámi. Kọ́ládé wá bẹ̀ mí, ó sunkún níbí."

"Kò sí ìyàwó kankan, ọmọ mi. Ṣé wàá padà?"

"Tó bá jẹ́ ìyàwó ni, màá bínú, á sì tán nínú mi lọ́jọ́ kan. Ilé olórogún ni wọ́n bí mi sí." Kò gbé ojú sókè. "Àmọ́ ọkọ mi ń sùn sórí ẹní, èmi ń pín ẹran fún àlejò lórúkọ ẹ̀. Ó sọ fún yín. Ó sọ fún Kọ́ládé. Èmi ni wọ́n ní kí ẹ fi pamọ́ fún. Ẹ̀yin náà tún rò pé obìnrin kan ń bọ̀, ẹ lọ ra ẹrù fún un, ẹ ò bá mi sọ ọ́. Ilé méjì, ilé méjì. Èmi ni ilé wo, Màámi?"

Àlájì Isiaq tó ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ wo ilẹ̀.

Bí mo ṣe ń bọ̀ wálé ni mo rántí pé èmi náà ti bi ara mi ní ìbéèrè yẹn rí, lẹ́yìn ilé ọkọ mi ní Ìsàlẹ̀ Èkó kan náà yìí, níbi tí mo ti ń dúró de bùtà.

Àlàmísì, 21 Ọ̀któbà

Mahmood pè láti Àbújá. Mo ní kí Ọláwuyì pa ẹ̀rọ kó tó gbé e fún mi. Mo ní, "Tó o bá wálé, má gbé àga kan kúrò ní Palmgrove láìbi ìyàwó ẹ." Mo ní, "Kausarat ni mo wí. Kí ó má di pé a tún ṣi ara wa gbọ́."

Àtàláátà, 9 Nòfẹ́ńbà

Bẹntiróòlù tó jẹ́ àádọ́rin kọ́bọ̀ ti di náírà márùn-ún. Nusaibah fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́, ó fẹsẹ̀ rìn bọ̀. Ó rẹ ẹsẹ̀ sínú omi iyọ̀, ó ní òun ò mọ̀ bóyá òun ló ń tọ́jú àwọn aláìsàn tàbí àwọn ló ń tọ́jú òun. Kò dárúkọ Saudi. Mo fẹ́ kó dárúkọ ẹ̀ kí n lè mọ ohun tó ń rò.

Àtìní, 15 Nòfẹ́ńbà

Àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀nà Pedro ládùúgbò wa dá páropáro bí ọjọ́ ìka-èèyàn tí kò sẹ́ni tó jáde. Ẹ̀rọ Ọláwuyì dákẹ́ látàárọ̀. Ká ní ó dákẹ́ báyìí lọ́jọ́ tí Mahmood kọ́kọ́ pè.

Àlàmísì, 18 Nòfẹ́ńbà

Rédíò. Àwọn sójà ti gbàjọba padà, wọ́n ní kò sí ilé aṣòfin mọ́. Ilé Àbújá ti lọ, ti Palmgrove ń lọ, ilé aṣòfin yìí ni mi ò kà mọ́ wọn. Mi ò gbúròó Mahmood.

Sọ́ńdè, 21 Nòfẹ́ńbà

Ó dé láyọ̀, alihamdulilahi. Báàgì kan àti páálí ìwé ni ẹrù ẹ̀. Ọ̀nọ́rébù ò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. Ọkùnrin tó máa ń wá "kí wọn" ní Palmgrove gba iwájú ilé wa kọjá, ó ń wo bàtà ara ẹ̀.

Ìyá Leah kó ẹja sínú abọ́, ó gbé e fún mi, ó kọ̀ kò gbowó.

"Ẹ má ná an lónìí." Ó wo Mahmood tó jókòó sórí páálí, ó rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀. "Mo rò pé wọ́n lówó ni, mo fẹ̀mí mi búra."

Àtàláátà, 23 Nòfẹ́ńbà

Mahmood lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹsẹ̀ ló fi rin púpọ̀ nínú ọ̀nà náà. Òun nìkan ló padà dé.

"Kí lo sọ fún un?"

"Gbogbo ẹ̀. Ẹní Adéníjì, ọkùnrin tó fẹ́ kí n nawọ́. Mo ní mi ò níṣẹ́ báyìí, pé mò ń lọ béèrè iṣẹ́ tíṣà mi padà. Mo bi í ibi tó fẹ́ ká máa gbé."

"Kí ló wí?"

"Ó ní wọn ò bi òun ní irú ẹ̀ rí. Ó ní òun á rò ó."

Sọ́ńdè, 28 Nòfẹ́ńbà

Lẹ́yìn ìrun àṣárì, mò ń ṣa ẹ̀wà níwájú ilé. Mo gbójú sókè, Kausarat ń bọ̀ láti ìkòríta, àwọn ọmọ ń tẹ̀ lé e, ẹnìkan ń fi ọmọlanke ti ẹrù bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ó ti yà ní Palmgrove. Òun fúnra ẹ̀ ló yan ohun tó fẹ́ kó, ó sì ti gbé kọ́kọ́rọ́ fún onílé. Bùtà ẹ̀ àtijọ́ wà lókè ẹrù náà, òdòdó orí ìdérí ẹ̀ ti ṣá.

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú ilé, Màámi. Ìyàwó Àbújá ti dé."

Nusaibah fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú Kausarat, ó gbé ẹ̀rín náà mì.

"Ẹrù mi dà?"

"Ẹrù wo, Kausarat?"

"Bùtà mi. Ẹ ní kí wọ́n fi kí mi káàbọ̀, wọn ò tíì fi kí mi."

Mo lọ gbé e níbi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo fi ìborùn mi nu eruku ẹ̀. Ìdérí ń lu ẹnu ẹ̀ bí mo ṣe ń gbé e bọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo rán Kọ́ládé, èmi fúnra mi ni mo wá fi ẹnu mi sọ ọ́: "Káàbọ̀, ìyàwó mi."

Ó gbà á tọwọ́tọwọ́.

Nígbà tó di àkókò ìrun mọ̀ngàríbì, ó bu omi sínú bùtà méjèèjì. Ó gbé tuntun síwájú mi. Ó fi tàtijọ́ ṣe àlùwàlá tiẹ̀, ó wọlé. Mahmood dúró lẹ́yìn ilé, ó ń wo bùtà méjèèjì, kò sẹ́ni tó gbé ọ̀kan fún un. Lẹ́yìn náà ló lọ fi ike bu omi nínú dúróòmù.

Jímọ̀, 3 Dísẹ́ńbà

Kausarat bu omi sínú bùtà tuntun nírọ̀lẹ́ yìí, ó gbé e síwájú Mahmood. Ó pẹ́ kí Mahmood tó lè fọwọ́ kàn án.